Ẹsẹ̀ Wolé-wolé

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyàwó mi, n kò rí i kí ó bẹ̀rẹ̀ wo gọ́tà onígọ́tà rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí ó dojú kọ ilé wa, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo gọ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí, ó sì kọjá lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ lé e, ó tún dúró. Ó wo ti ibẹ̀ náà.

Télọ̀ yọ orí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bá mi bi Màmá, ṣé ìjọba ti gbà wọ́n síṣẹ́ wolé-wolé ni? Kí n tètè kó ìdọ̀tí mi, kí wọ́n má lọ gbé mi dé kóòtù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó tètè wá ìgbálẹ̀. Ayọ̀ tí ó wà nínú mi nígbà náà kò jẹ́ kí n ro nǹkan kan. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́, tí èmi fúnra mi ń gbé wọ balùwẹ̀, òun ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lójú pópó yìí. Bí ó bá wù ú kí ó wo gbogbo gọ́tà àdúgbò, ẹ jẹ́ kó wò ó.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi kí ó tó fẹ̀yìn tì. Pá-pá-pá ni àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́, nítorí ìró bàtà rẹ̀. Kì í rọra rìn. Kí ó tó yọ sí kíláàsì, àwọn ọmọ á ti gbọ́, kálukú á ti jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí àìsàn náà wá mú un lẹ́sẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì sunkún lójú wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń tì í lọ ní títì, mo máa ń rí i tí ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo abọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ wa obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ló mú ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú náà wá. Ilé gígùn kan ni, tí wọ́n ti ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀. Òórùn rọ́bà kò tíì kúrò lára ògiri rẹ̀. Ní àárín yàrá ńlá ibẹ̀ ni ilẹ̀ kan wà tí ó ga díẹ̀, tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kéékèèké tò bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n á fi bẹ́líìtì so aláìsàn kọ́ òrùlé kí ó má baà ṣubú, wọ́n á gbé awò ńlá kan bò ó lójú. Láti ìgbà náà lọ, kò ní rí yàrá mọ́, kò ní rí wa. Òpópónà ni yóò máa rí, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, oòrùn àárọ̀ lórí páànù. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, àwọn irin náà á rọra fà á padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà. Ènìyàn á rìn títí, á rìn jìnnà, kò sì ní kúrò lójú kan. Àwa tí a dúró tì í á kàn máa gbọ́ ìró irin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni ń gbọn ìrẹsì nínú atẹ́.

Obìnrin tí ó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Òun ló ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Bàbá, ẹsẹ̀ Màmá ti gbàgbé ìrìn ni. Ẹni tí kò bá ní, ó máa yá ni. Ilẹ̀ yìí á yá wọn ní ìṣísẹ̀ ẹlòmíràn. Á máa gbé ẹsẹ̀ wọn bí ẹni yẹn ṣe ń gbé tiẹ̀, títí tiwọn á fi padà."

"Ìṣísẹ̀ ta ni?"

"Ọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ni, sà. Ó rìn lórí ilẹ̀ yìí fún wa títí ilẹ̀ fi mọ ẹsẹ̀ rẹ̀."

N kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í béèrè orúkọ ẹni tó na igi sí i.

Ìṣísẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un wúwo. Ó máa ń laágùn, ó máa ń ṣubú, bẹ́líìtì á gbé e dúró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga nínú ilé wa. Ìrìn náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó dàbí ti ọkùnrin tí ó wọ bàtà ńlá: ẹsẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ wò, tòsì á tẹ̀ lé e. Ó ń ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ń dúró lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ti ṣí ìdérí àgbá omi wa, ó ń yọjú wo inú rẹ̀.

"Tanwíjí wà níbẹ̀," ó ní.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí, Ìyá wọn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló dúró, ojú mi sì wò ó."

Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Mo da omi náà nù, tanwíjí sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ohun tó bà mí lẹ́rù dé nígbà tí wọ́n gbé e sí ẹ̀kọ́ ti òkè. Ẹnjiníà ní ó ti yege ìṣísẹ̀ tó wúwo, ó kù kí wọ́n fún un ní èyí tó fúyẹ́. Ó sì fúyẹ́ lóòótọ́. Mo lè wà ní pálọ̀ kí n máa ka ìwé ìròyìn, kí n kàn gbé ojú sókè kí n rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò ní gbọ́ ẹsẹ̀, n kò ní gbọ́ aṣọ. Ọmọ wa fi omi nu ilẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyàwó mi gba orí ilẹ̀ tútù náà kọjá lọ sí yàrá, èmi náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ipa ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí. Tèmi ni.

Mo yí bàtà tuntun rẹ̀ po. Ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà bàtà sí ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ya, kò dọ̀tí. Bàtà tí ó ti ń wọ̀ jáde lójoojúmọ́ nìyẹn.

Bí mo bá di apá rẹ̀ mú kí ó lè gun àtẹ̀gùn, ó dàbí ẹni pé apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni mo gbé. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí dókítà wò ó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀.

"Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wò, Bàbá wọn? Kò sí ibi tó ń dùn mí. Ẹ̀yin ò mọ bó ṣe rí. Ojú ọ̀nà yẹn mọ́, ó tutù. Àwọn kan wà níwájú mi, ẹ̀yìn wọn ni mò ń rí. Mo fẹ́ lé wọn bá."

"Àwọn wo?"

"Mi ò tíì rí ojú wọn. Ó jọ pé dírẹ́bà yẹn wà lára wọn. Mo mọ èjìká ẹ̀."

Dírẹ́bà tó ń sọ náà jẹ́ àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Aláwàdà ni. Ó máa ń sọ fún Ẹnjiníà pé tí wọ́n bá fi lè wa ilẹ̀ yẹn bí ọkọ̀, kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Ó ṣáájú ìyàwó mi parí ẹ̀kọ́, a kò sì rí i mọ́. Àwa rò pé ara rẹ̀ ti yá ni.

Ọ̀rọ̀ èjìká yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí ọmọ wa ti gbé ìyá rẹ̀ lọ fún ẹ̀kọ́, mo wá ilé dírẹ́bà náà lọ. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo sọ ibi tí mo ti mọ bàbá rẹ̀, ó wò mí pẹ́ kó tó yà fún mi láti wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, sà. Wọn ò kú. Wọn ò sì jí."

Fèrèsé wà ní ṣíṣí, oòrùn wọ yàrá náà dáadáa. Dírẹ́bà nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí. Aṣọ ìbora ń gbé sókè, ó ń sọ̀ lápá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ká aṣọ kúrò. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń rìn. Kò yára, kò sì falẹ̀. Wọ́n á rìn, wọ́n á dúró díẹ̀ bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, wọ́n á tún máa lọ.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni. Ibẹ̀ la ti gbé wọn wálé. Ẹnjiníà ní ó kàn rẹ̀ wọ́n ni."

Mo sọ fún un pé ìyàwó mi wà lórí ilẹ̀ náà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ó bo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ padà. "Kí lẹ wá ń ṣe níbí, sà?"

Mo wọ ọkọ̀, mo sọ̀ níbi tí ọ̀nà ti dí, mo fi ẹsẹ̀ sáré ìyókù. Ọjọ́ orí mi kì í ṣe ti eré sísá mọ́. Nígbà tí mo wọ ilé gígùn náà, ọmọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó ń mu omi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìyàwó mi wà lórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú awò lójú, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn. Ẹnjiníà dúró nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò yí ojú sí mi.

Mo súnmọ́ ọn. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ nítorí ọmọ mi.

"Ọkùnrin tí ẹ gba ìṣísẹ̀ rẹ̀, níbo ló wà?"

"Ó ti kú, Bàbá."

"Níbo ló kú sí?"

"Orí ilẹ̀ yẹn ni."

Ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára ìyàwó mi. Wolé-wolé ni ọkùnrin náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń rìn láti ilé dé ilé, ó ń wo gọ́tà, ó ń wo àgbá omi. Òpópónà tí ó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n yà sínú awò fún un, kí ó lè rìn bí ó ṣe máa ń rìn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì rìn jìnnà tó fi di àyà mú, ó sì ṣubú. Wọ́n tú u sílẹ̀, gbogbo wọn gbé e sínú mọ́tò, wọ́n sáré lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó rántí pa iná ilẹ̀ náà.

"Nígbà tá a fi máa padà dé nírọ̀lẹ́, àwọn irin ń yí," ó ní. "Mo rò pé wọ́n kàn ń yí lásán ni. Mo paná. Ìgbà tó yá la ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ohun tí ilẹ̀ gbà sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ ni, Bàbá. Láti ìgbà tó ṣubú títí di ìgbà tí mo paná. Tiẹ̀ ni, mi ò lè ṣi ìrìn rẹ̀ mọ̀. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì tẹ̀wọ̀n."

"Ìyẹn lẹ wá fún ènìyàn."

"Àwọn tí mo fún ní ìṣísẹ̀ ìgbà tó wà láàyè, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣubú. Àwọn tí mo fún ní ti ẹ̀yìn yẹn, wọn ò ṣubú rárá." Ó nu ètè rẹ̀. "Ẹni tí kò lè dìde, tó wá ń rìn, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ni kí n sọ fún un?"

"Níbo ni ọkùnrin yẹn ń lọ?"

"A ò mọ̀. Mo paná kó tó débẹ̀."

Mo ní kó pa á báyìí náà. Ó kàn mi orí, ó sì nawọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́ kedere, kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

"Ìṣísẹ̀ tá a ní ti tán, Bàbá. Kẹ́ ẹ tó wọlé ló ti tán."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé yàrá náà dákẹ́. Kò sí ìró ìrẹsì nínú atẹ́. Mo wo abẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi: àwọn irin náà dúró gbọn-in, ọ̀kankan kò mira. Ó sì ń rìn lórí wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, òun kò kúrò lójú kan. Mo fa wáyà yọ nínú ògiri. Kò dá nǹkan kan dúró.

Mo gun orí ilẹ̀ náà, mo ṣí awò kúrò lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni ó ń wò. Ó ń wo ibi tó jìnnà ju ògiri lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí ọwọ́ ẹni tó ti ìta òjò wọlé.

"Ìyá wọn."

"Bàbá wọn?" Ohùn rẹ̀ yá gágá, ó wà nítòsí. "Ẹ̀yin nìyẹn? Mi ò rí yín."

"Mo wà níwájú ẹ. Dúró. Jẹ́ ká lọ sílé."

"Tí mo bá dúró, mo máa tún jókòó."

"Èmi á máa tì ẹ́ kiri. Ṣé mo ráhùn rí?"

"Ẹ ò ráhùn rí." Ohùn náà ti lọ díẹ̀, bí ti ẹni tó ń dáni lóhùn láti ẹnu géètì. "Èmi ni mò ń ráhùn nínú."

Ọmọ wa ti dé ẹ̀yìn mi. Ó ń tú bẹ́líìtì, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ẹnu ìyàwó mi kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí etí mi. Mo ń rí ètè rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde ti dé ìpẹ̀kun àdúgbò.

"Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó má sunkún. Ọ̀nà ò burú."

"Padà wá, jọ̀ọ́."

Ó sọ nǹkan kan. Ó dàbí igbe ẹni tó ti kọjá odò. Lẹ́yìn náà ètè rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, n kò sì gbọ́ ohunkóhun mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èémí rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú.

A gbé e wálé. Dókítà mẹ́ta ti wò ó. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, kí a máa fún un ní omi àti oúnjẹ olómi. Ẹnjiníà ti ilé gígùn náà pa. Ó wá sí ilé wa, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. N kò lé e, n kò sì ní kó dìde. Télọ̀ máa ń wá jókòó tì mí bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Kì í dápàárá mọ́.

Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ń rìn lábẹ́ aṣọ ìbora tọ̀sán-tòru. Ọmọ wa ló ń wẹ̀ ẹ́. Ó pè mí lọ́jọ́ kan kí n wá wo omi inú báfù lẹ́yìn tó fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Omi náà pọ́n, erùpẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, erùpẹ̀ ojú ọ̀nà. Obìnrin yìí kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbé e wálé.

Lọ́sàn-án, tí ilé bá dákẹ́, tí mo bá gbé etí mi sítòsí ẹnu rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ. Ohùn náà jìnnà, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ó ń kí àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà. Ó ń kí dírẹ́bà, ó ní kó má sáré jù. Mo gbọ́ tó kí ẹnì kan ní Ìyá Àgbà, tó béèrè bí ojú wọn ṣe ń ṣe. Ìyá mi nìkan ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń yọ ìyá mi lẹ́nu kí ó tó kú, ó sì ti kú kí a tó bí ọmọ wa.

Mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ sétí rẹ̀ nígbà náà. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Kò dá mi lóhùn rí.

Lánàá, mo jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wa lọ sí ibi iṣẹ́. Aṣọ ìbora dákẹ́ lójijì. Mo wò ó: ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti dúró, fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rò pé ó ti dé nìyẹn. Mo yára gbé etí mi sí ẹnu rẹ̀.

"Bàbá wọn," ó ní, inú rẹ̀ dùn, "ẹ káàbọ̀ o. Ẹ tètè dé."

N kò tíì la ẹnu tí mo fi gbọ́ ẹni tó dá a lóhùn láti ojú ọ̀nà náà. Ó ní òun ti rìn títí, kí wọ́n jọ máa lọ. Ohùn mi ni.